Ìlà Ìsàlẹ̀ Ojú Kejì

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìwé rẹ̀ ń dé
sí àdúgbò wa lẹ́yìn odi Cleveland:
pépà kan, ojú méjì, yíǹkì dúdú,
a ó bá a ní kíká lára ọwọ́ ilẹ̀kùn.
Ludmila Hrynko ló ń kọ ọ́, òun ló ń tẹ̀ ẹ́,
òun náà ló ń fẹsẹ̀ pín in dé ilé mọ́kànléláàádọ́ta,
ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, bàtà òjò lẹ́sẹ̀.

Níbẹ̀ la ti ń gbọ́
pé ológbò àwọn Varga sọnù, pé ó padà, pé ó tún sọnù;
pé wọn yóò ti omi ẹ̀rọ pa ní Ọjọ́rú, ẹ tètè pọnmi sílẹ̀;
pé ẹnì kan, "n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó mọ ara rẹ̀",
ń gbá ewé gbígbẹ sójú gọ́tà.
Desmond Pruitt ka èyí, ó wúkọ́,
ó lọ mú ìgbálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ ojú kejì, fún ọdún mẹ́sàn-án,
ìlà kan náà ni, kò yí, kò yẹ̀:
"Oríta Birch àti Tannery kò tíì ní àmì ìdúró."

Ọdún mẹ́sàn-án.
Ọmọ tí wọ́n ń tì nínú kẹ̀kẹ́ ìkókó nígbà tó bẹ̀rẹ̀
ti ń gun kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ kọjá níbẹ̀.
Ní gbogbo ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, Ọjọ́ Ajé kejì oṣù,
ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ti aráàlú níwájú máìkì.
Ludmila á dìde, á ka iye ọkọ̀
tó kà láti ojú fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀:
igba ó lé mẹ́rìnlá láàárọ̀ ọjọ́ kan,
mọ́kàndínlógún ló rọra.
Aago á dún. Alága á ní, "A dúpẹ́, ìyá."
Omi ẹ̀yìn pẹ́pẹ́yẹ.
Káńsẹ́lọ̀ mẹ́rin jẹ, mẹ́rin lọ.

Wọ́n ní kò sówó. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀.
Ó ní, "Ṣé òkú lẹ ń dúró dè kí ọkọ̀ tó dúró?"
Yàrá pa lọ́lọ́.
Akọ̀wé gbé bírò sókè, kò mọ̀ bóyá kóun kọ èyí.

Àfi nínú oṣù Ẹrẹ́nà, láìsọ fẹ́nikẹ́ni,
ọkùnrin méjì dé, òpó irin kan, àpò sìmẹ́ńtì kan.
Ogójì ìṣẹ́jú, ó parí.
Ọdún mẹ́sàn-án, ogójì ìṣẹ́jú!
Pátákó pupa, igun mẹ́jọ, ó ń dán.
Phuong gbé kọfí jáde, àwọn ọmọ ń ya fọ́tò,
Ludmila fọwọ́ kan òpó náà,
kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ kò tíì pé.
Ó ń wakọ̀ bọ̀ láti ilé apòògùn,
ó ń ro ohun tí yóò kọ,
bí yóò ṣe dúpẹ́ tí kò ní jọ ẹ̀bẹ̀.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, tó ti ń la ibẹ̀ kọjá láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n,
kò tíì gbọ́ ìròyìn.
Iná búlúù tàn lẹ́yìn rẹ̀.
Ọlọ́pàá náà, ọmọ Kessel, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níwèé rí,
ṣí fìlà: "Màmá Hrynko, ẹ jọ̀ọ́..."
"Kọ ọ́," ni obìnrin náà wí. "Má sì ṣi orúkọ mi kọ."

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ìwé dé.
"Oríta Birch àti Tannery ti ní àmì ìdúró.
Ẹni àkọ́kọ́ tó sanwó ìtanràn níbẹ̀ ni olóòtú ìwé yìí.
Dọ́là márùndínláàádóje.
Àmì náà ń ṣiṣẹ́."
Ológbò àwọn Varga kò tíì padà.
Mo yí pépà dà, mo wo ìsàlẹ̀ ojú kejì:
"Iná òpópónà iwájú ilé kẹtàlélógún ti kú."